Ṣé kí n sọ fún ìyá ọkọ mi pé pẹ́pẹ́yẹ inú abọ́ kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ?

Ìyàwó Aláṣọ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ló wà nídìí rẹ̀.

Bangkok ni mo ti ń ra ọjà, apá Pratunam ni mo máa ń dé sí. N kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà. Ẹni tó bá ti débẹ̀ á mọ̀ pé ebi ló yẹ kó máa pa irú èmi, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọbẹ̀ tí wọn kì í da omi ẹja tí wọ́n ń pè ní nam pla sí. Ilé oúnjẹ kékeré kan ló yọ mí, ó wà nínú kọ̀rọ̀ kan. Àsíá aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ta síwájú, wọ́n fi pupa kọ เจ sí i lára. Jay ni wọ́n ń pè é, ìyẹn oúnjẹ tí kò ní ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà. Wọ́n to ọbẹ̀ oríṣiríṣi sẹ́yìn gíláàsì, èyí tó bá wù yín lẹ ó nawọ́ sí, wọ́n á bù ú lé ìrẹsì yín lórí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pẹ́pẹ́yẹ wọn. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n pò, tí wọ́n fi omi fọ̀ títí gbogbo funfun inú rẹ̀ fi ṣàn lọ, tó wá ku èyí tó ń fà. Wọ́n ká a ní ìpele-ìpele, wọ́n dín in, wọ́n sè é nínú omi ọbẹ̀ dúdú tó ń ta sánsán. Ó láwọ, ó ní fọ́nrán. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún kò lè mọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ọkọ mi ń bá mi lọ. Àwọn náà ń taṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Màmá fẹ́ràn mi, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi ẹran sílẹ̀, bí wọ́n bá ti pe ọmọ wọn, ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, "Ṣé ewé náà lẹ tún jẹ lónìí?" Mo fẹ́ mú wọn lọ síbẹ̀. Tí mo bá ti ní kò sí ẹran níbẹ̀, wọn ò ní fẹnu kàn án. Ọkọ mi ní kí n dákẹ́, kí wọ́n jẹ pẹ́pẹ́yẹ náà tán kí n tó sọ. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Alákàrà Mushin:
Ọkọ yín gbọ́n. Bí wọ́n bá ti ń lá ìka, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní "Màmá, ìyẹ̀fun ni o." Ó parí 😂

Ìyá Ìbejì:
Àǹtí, ẹ má dán an wò. Tí ẹ bá délé, ohun tí gbogbo ẹbí máa gbọ́ ni pé ìyàwó fún ìyá ọkọ ní ohun tí wọn ò mọ̀ jẹ ní ìlú òkèèrè. Ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dún létí. Bó ti wù kó dùn tó, adùn kọ́ ni wọ́n máa ròyìn.

Ẹ tún bi ọkọ yín léèrè èèwọ̀ ilé wọn. Mo mọ ìdílé tí kì í jẹ olú, bẹ́ẹ̀ olú ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ẹran níbẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì. Àlìkámà àti sóyà, ara ẹlòmíràn kì í gbà wọ́n rárá, ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí Màmá bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n rọra pẹ̀lú omi ọbẹ̀ dúdú yẹn. Iyọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ dandan kí Màmá jẹ ti yín? Ẹja yíyan kún títì Bangkok. Ẹ jẹ ewé yín, kí wọ́n jẹ ẹja wọn.

Ìyàwó Aláṣọ:
Bọ̀dá, wọ́n máa jẹ ẹja wọn, n ò ní dí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ebi kì í pa mí.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà:
Mo gbé Bangkok fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ẹ̀yin ń rò pé ẹran ni Màmá máa wá tì. Àlùbọ́sà ni! Ọwọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà tó tẹ̀dó sí Thailand ni wọ́n ti gba jay, ó sì le ju ká má jẹ ẹran lọ: kò sí àlùbọ́sà, kò sí aáyù, kò sí gbogbo ẹbí wọn olóòórùn. (Ibi tí wọ́n bá kọ mangsawirat sí yàtọ̀, wọ́n lè fi ẹyin tàbí wàrà síbẹ̀.) Ìyá Ìbàdàn tó bá jẹ ọbẹ̀ tí kò ní àlùbọ́sà á ní oúnjẹ aláìsàn ni.

Nítorí náà, ẹ má fi pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹbí ẹfinrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní krapao. Tẹ́ ẹ bá rí wàrà sóyà tí wọ́n fi krapao àti ata yí, irú wàrà tí wọ́n ń dín n'Ilọrin, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nawọ́ sí. Òórùn ewé yẹn á bá yín bẹ Màmá. Tí ìrẹsì khao niao bá wà, ẹ gbà á: ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ó ń lẹ̀, èèyàn á bù ú, á rọ́ ọ roboto bí òkèlè, á fi bọ ọbẹ̀.

Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀pọ̀ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti palẹ̀ mọ́ kí ọ̀sán tó rọ̀. Tí ìrìn yín bá bọ́ sí àsìkò ọdún jay, ọjọ́ 9 ni, ó sì sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá, èrò á pọ̀, ṣùgbọ́n Yaowarat, àdúgbò àwọn ọmọ Ṣáínà ní Bangkok, á kún fún àsíá ìyeyè yẹn, ẹ ó rí jẹ káàkiri. Ata gígún tí Màmá bá dì dání, kó má lédè nínú o. Ẹ má gbé edé wọlé wọn.

Ìyàwó Aláṣọ:
Ẹ gbọ́ o! Ọkọ mi pe àbúrò Màmá lórí ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Olú ò sí níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ló wà níbẹ̀! Ìdílé bàbá wọn kì í jẹ ẹ́, ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Ká ní mo dákẹ́ ni, wọn ì bá kàn ti abọ́ náà sẹ́yìn. Ó ti di dandan kí n sọ pé kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ.

Alákàrà Mushin:
Háà! Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ má sì pe pẹ́pẹ́yẹ létí wọn rárá, ẹ ní àlìkámà ni wọ́n dín. Ìka lẹ ó ṣáà nà sí i.

Ìyàwó Aláṣọ:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n lọ gún ata tí kò lédè.