Àwo orin bàbá mi: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni mò ń gbé. Nígbà tí a pín ogún bàbá wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi gba ilẹ̀, èmi gba àpótí àwo orin kan. N ò bínú o.

Àpàlà Haruna Iṣọla ló pọ̀ jù níbẹ̀. Sákárà Yusuf Ọlatunji wà, jùjú I. K. Dairo wà, Gnonnas Pedro tiwa níbí náà wà.

Mẹ́rin nínú wọn wúwo, wọ́n le bí àwo tánganran, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ti ṣẹ́. Mo gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, ni ohùn olórin bá ń fà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ìyípo 78 ní ìṣẹ́jú kan ni irú wọn ń fẹ́, 33 sì ni ẹ̀rọ mi ń yí. Ṣé òótọ́ ni? Ẹnìkan ní kí n fi sípírítì nu ìdọ̀tí ara wọn, ẹlòmíì ní sípírítì á jẹ wọ́n. Ta ni kí n gbọ́?

Èyí tó ká mi lára jù: ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni etí mi mọ̀ láti kékeré. Gòjé olókùn ni mo fi ń dá sákárà mọ̀, agídìgbo tí a ń fi ìka ta ni mo fi ń mọ àpàlà. Bí méjèèjì bá dákẹ́, mo ti sọnù nìyẹn. Kí ni kí n máa tẹ́tí sí? Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?