Ẹ̀kọ́ oyè kejì àti pátákó tuntun: èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àpilẹ̀kọ mi ló yẹ kí ó dé ọwọ́ alábòójútó mi kí sáà yìí tó parí, ṣùgbọ́n orí kan àti ààbọ̀ péré ni mo tíì kọ. Sáà yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ wa gbé pátákó tuntun sí gbogbo kíláàsì, èyí tí a ń fi ìka tẹ̀ bí ẹni ń tẹ fóònù, wọ́n sì ní a kò gbọdọ̀ lo ṣọ́ọ̀kì mọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀; ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà ni mo ń ní kíláàsì ní yunifásítì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ ya gíráàfù y = x². Mo fi ìka lé ibi tó yẹ kí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ìlà náà sì jáde ní ìwọ̀n ìka méjì sí apá ọ̀tún. Mo nù ún, mo tún un yà, ibi tí kò yẹ náà ló tún gbà jáde. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró, ọ̀kan nínú wọn sì rọra sọ pé, "Tíṣà, ṣé kí n lọ wá ṣọ́ọ̀kì wá?" Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí oorun tó gbé mi lọ. Ṣé kí n dá ẹ̀kọ́ mi dúró fún ọdún kan ni, àbí kí n bẹ ọ̀gá wa pé kí ó yọ̀ǹda mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátákó yìí?

Ìdáhùn kìíní, láti ọwọ́ olùkọ́ fisíìsì

Ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lórí ọ̀pọ̀ irú pátákó bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí ẹ̀rọ mìíràn ń tan àwòrán sí lára, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbún ẹ̀rọ náà díẹ̀, àwòrán àti ojú pátákó kò ní bára mu mọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣàtúntò rẹ̀. Yóò fi àwọn àmì kan hàn yín, ẹ ó sì máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọmọ tó wọlé ni kí ẹ ti ṣe é. (Bóyá Ọjọ́rú tí ẹ kò lè wá ni wọ́n fi èyí hàn àwọn yòókù.)

Ní ti àpilẹ̀kọ, ńṣe ni mo sọ iṣẹ́ méjèèjì di ọ̀kan nígbà tèmi: kíláàsì kan, àkòrí kan, ohun èlò kan. Nínú àwọn kíláàsì yòókù, mo kàn ń kọ̀wé sí pátákó náà lásán ni. Ìmúrasílẹ̀ àkọ́kọ́ gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́, nígbà tí àkòrí náà sì tún kàn lọ́dún kejì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi tún un ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò tilẹ̀ ní GeoGebra, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya gíráàfù, tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ irú èyí tó wà lọ́rùn yín yìí, ní Yunifásítì Salzburg ní Austríà. Ẹ tẹ y = ax² sí i, kí ọmọ kan máa fa iye a lọ sókè sódò: bí ó bá ti kọjá òdo sí òdì, ìlà náà yóò dorí kodò lójú wọn.

Ìdáhùn kejì, láti ọwọ́ alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí

Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá pátákó mú kí máàkì pọ̀ sí i, èmi yóò dá a padà. Láti 1983 ni Richard Clark, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, ti jiyàn pé bí ọkọ̀ tó kó oúnjẹ wá kò ṣe lè mú kí oúnjẹ náà ṣara lóore sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò kò ṣe lè fúnra rẹ̀ mú kí ọmọ mọ̀wé sí i. Robert Kozma, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ta kò ó, iyàn náà kò sì tíì parí. Àmọ́ nígbà tí ohun èlò tuntun bá dé, olùkọ́ a máa múra sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ni a yí padà, àwọn ọmọ a sì tẹjú mọ́ ohun tí wọn kò rí rí. Èwo nínú wọn ni ẹ ó sọ pé ó fa máàkì? Ẹ béèrè ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀: nígbà tí ọmọ bá ń fa iye náà fúnra rẹ̀, kí ló ń sọ nípa ìlà náà? Iṣẹ́ Mishra àti Koehler ní 2006, tí a mọ̀ sí TPACK lónìí, tó ń sọ bí olùkọ́ ṣe ń so ìmọ̀ ohun èlò, ọ̀nà ìkọ́ni àti ohun tí ó ń kọ́ni pọ̀, yóò ràn yín lọ́wọ́ ní orí kejì.

Ohun tó máa ń kó olùkọ́ sí wàhálà jù ni pé kò rọrùn fún ọmọ tí ẹ ń fún ní máàkì láti kọ̀ fún yín. Kí ẹlòmíràn bá yín gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí àti ọmọ, kí ẹ má sì mọ ẹni tó kọ̀ títí ẹ ó fi parí máàkì sáà náà. Kí ìgbìmọ̀ yunifásítì yín tó fọwọ́ sí i, ẹ má gba ohunkóhun sílẹ̀.

Ìdáhùn kẹta

Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ẹ ó ṣe nípa Ọjọ́rú. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín, kí ẹ fi àkókò kíláàsì yunifásítì yín kún un, kí ẹ sì dárúkọ ẹlẹgbẹ́ kan tó lè fi ohun tí wọ́n bá kọ́ hàn yín ní wákàtí tí ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì bá dilẹ̀. Èmi dá ẹ̀kọ́ tèmi dúró fún ọdún kan. Ọdún mẹ́ta ló dà.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lẹ́tà náà ti lọ. Mo wọ kíláàsì lówùúrọ̀ yìí kí agogo tó lù, àmì mẹ́sàn-án ni mo tẹ̀, ìlà sì jáde lábẹ́ ìka mi gan-an. Ọmọ tó fẹ́ wá ṣọ́ọ̀kì ni mo ní kí ó wá fa iye náà. Ó fà á dé òdo, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ó ti kú." Mo ti sáré kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí mi kí n tó rántí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, mo bá fa ojú ìwé náà ya.