Mo fẹ́ kúrò nílé ẹjọ́ lọ kọ́ àwọn tó ń kọ́ òfin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ òfin, mo kí yín. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe agbẹjọ́rò ní Lágere, n'Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀ràn ilẹ̀ àti ogún ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́ lọ́yà kan tó wà lọ́dọ̀ mi kọ ìwé títa ilẹ̀ ẹbí kan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò béèrè ẹni tí í ṣe olórí ẹbí, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ka ìwé náà ní Yorùbá sétí ìyá arúgbó tó fẹ́ tẹ ìka sí i. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, inú mi sì dùn ju ọjọ́ tí mo jàre nílé ẹjọ́ lọ. Dìgírì àkọ́kọ́ àti ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò nìkan ni mo ní. Ṣé mo ṣì lè di olùkọ́, nígbà tí ọmọ mẹ́ta ń bẹ lọ́rùn mi?
— Lọ́yà Lágere

Àbúrò mi, ọjọ́ kò tíì lọ, ṣùgbọ́n yunifásítì kì í ka iye ẹjọ́ tí ènìyàn ti rò. Dìgírì kejì ni kí o kọ́kọ́ wá, o sì lè kà á ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà nítòsí rẹ. Lẹ́yìn náà ni oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí láìsí i, ìgbéga rẹ kò ní jìnnà. Mú àkòrí ìwádìí rẹ láti inú ohun tí o mọ̀: bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títa ilẹ̀ ẹbí, títà náà kò dúró rárá, bí òun bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn olórí ìdí igi, ìyẹn àwọn tó ń ṣojú ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Ní ti owó, ìjọba ti yọ àwọn olùkọ́ òfin kúrò nínú òfin tó ka iṣẹ́ àdáni léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti 1992, síbẹ̀ béèrè ìlànà ibi tó bá gbà ọ́.
— Olùkọ́ Òfin, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà ló jọ ohun tí ẹ ń wá, torí bí a ti ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, títí kan ìwé ilẹ̀. Kìkì pé Bwari, Èkó àti àwọn ìlú jíjìn mìíràn ló wà. Kò sí lọ́dọ̀ wa.
— Agbẹjọ́rò Iléṣà

Ọmọ mi, má ì tíì ti ọ́fíìsì rẹ. Bí o bá sì fẹ́ fi fáìlì rẹ kọ́ni, yọ orúkọ oníbàárà kúrò kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó rí i.
— Ìyá Lọ́yà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo máa béèrè fọ́ọ̀mù dìgírì kejì lọ́sẹ̀ yìí. Mo sì ti fi lẹ́ẹ̀dì dúdú pa orúkọ ìyá àgbà yẹn rẹ́ nínú ẹ̀dà tí mo tọ́jú.
— Lọ́yà Lágere