TX queue (ìlà pákẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ jáde) tó sùn tí kò jí mọ́, ẹ bá mi wo dráífà yìí o

Ọmọ_Agbowó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí dráífà kan ti ń fojú mi rí màbo. Bọ́ọ̀dù ARM ni, core mẹ́rin, Linux ló wà lórí ẹ̀. Káádì nẹ́tíwọ̀kì 1 gígábíìtì tó wà níbẹ̀, àwa la fi FPGA (ṣíìpù téèyàn lè fúnra ẹ̀ tò) ṣe é níbi iṣẹ́ wa ní Ring Road, èmi ni mo sì kọ dráífà ẹ̀, ìyẹn kóòdù tí kernel (ọkàn Linux) fi ń darí ẹ̀, ẹ má bú mi.

Tí mo bá fi iperf3 (tó ń dán ìyára nẹ́tíwọ̀kì wò) lù ú, á máa sáré dáadáa, ogún ìṣẹ́jú, nígbà míì ogójì, ṣàdédé á dákẹ́. Ó ṣì ń gba pákẹ́ẹ̀tì wọlé o, àmọ́ ẹyọ kan ò jáde mọ́, tó bá sì ṣe díẹ̀ dmesg (àkọsílẹ̀ kernel) á pariwo NETDEV WATCHDOG, pé transmit queue 0 timed out. Mo wá wo ring (àtẹ tí a ń to iṣẹ́ sí fún káádì), òfìfo! Descriptor (àyè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan) 256, kò sí ìkankan tí hardware ń dúró dè, síbẹ̀ queue ṣì wà ní stopped.

Èyí tó fẹ́ sọ mí di wèrè ni pé tí mo bá fi printk kan ṣoṣo (tó ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde sí console) sínú xmit (kóòdù tó ń rán pákẹ́ẹ̀tì) kí n lè rí ohun tó ń lọ, wàhálà parí, á ṣiṣẹ́ mọ́jú. Mo yọ printk, ó tún kú. Mo fi maxcpus=1 (core kan ṣoṣo) tan bọ́ọ̀dù, kò kú. Mo ní kò burú, mo fi spin_lock (lock tí CPU ń dúró dè lójú kan) yí gbogbo ẹ̀ ká, xmit, poll, títí dé interrupt handler (kóòdù tó ń dá hardware lóhùn), ni bọ́ọ̀dù bá gan pa.

Bí kóòdù ṣe lọ nìyí: nínú start_xmit mo to descriptor, mo kọ doorbell (láti sọ fún hardware pé iṣẹ́ dé), tí àyè tó kù ò bá tó 20 mo pe netif_stop_queue. Nínú poll mo kó àwọn tó ti lọ kúrò, tí queue bá wà ní stopped tí àyè sì ti wà, mo pe netif_wake_queue. Níbo ni mo ti ṣì í?

Sunny_Challenge

Power supply ni jàre. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo pààrọ̀ adapter, ó tán. Pààrọ̀ kébù ẹ náà.

Ọmọ_Agbowó

Ẹ̀gbọ́n, adapter mẹ́ta ni mo ti rà ní Queen's Cinema lórí ọ̀rọ̀ yìí, kébù ò lóǹkà. Adapter wo ló máa mọ̀ pé mo ti fi printk síbẹ̀ 😩

Àǹtí_Kernel

Àbúrò, fi adapter sílẹ̀. Ring ṣófo, queue wà ní stopped, o ti fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Ẹni tó yẹ kó jí i ti wá, ó ti lọ.

Wo gáréèjì mícra kan ní Ìwó Road, agbèrò wà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti okùn. Tí inú bá kún á ta okùn dí ọ̀nà. Dẹrẹ́bà tó bá ń jáde tó rí okùn lọ́nà á ké sí i pé ṣí i, àyè ti wà. Ẹlòmíì ò sí tó ń ké o, àwọn tó ń jáde nìkan ni. Agbèrò wo inú, ó kún. Ó yíjú kó mú okùn. Kó tó ta á, gbogbo mícra inú ibẹ̀ jáde tán, ẹni tó kẹ́yìn wo ọ̀nà, kò rí okùn, kí ló fẹ́ ké fún? Ó bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni agbèrò wá ta okùn. Inú ṣófo, ìta kún fọ́fọ́, kò sì sí ẹni tó kù nínú tó máa jáde wá sọ pé ṣí i.

Agbèrò ni start_xmit lórí CPU 0, dẹrẹ́bà tó kẹ́yìn ni poll lórí CPU 1. Ìdí nìyẹn tí maxcpus=1 fi lé e lọ, poll ò lè já wọ àárín xmit lórí CPU kan ṣoṣo.

Lock kọ́ lo nílò. Tí o bá ti pe netif_stop_queue, fi smp_mb (ìdènà tó ń mú kí kíkọ àti kíkà CPU tẹ̀lé ara wọn) síbẹ̀, kó o tún àyè kà. Tó bá ti wà, ìwọ fúnra ẹ pe netif_start_queue. Kí agbèrò ta okùn tán kó tún wẹ̀yìn wo. Nínú poll náà, kọ tail tuntun (ibi tó o kó dé), smp_mb, kó o tó wo bóyá queue wà ní stopped. Má fojú di smp_mb yẹn o, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń kọ tiẹ̀ kó tó ka ti ẹnìkejì, CPU sì lè ti kà kí ohun tó kọ tó hàn sí ẹlòmíì. ARM ń ṣe é, x86 tí wọ́n ní ó létò náà ń ṣe irú eléyìí. Tí kernel ẹ bá tuntun, netif_txq_maybe_stop wà nínú include/net/netdev_queues.h, wọ́n ti bá wa kọ ọ́ tán.

Ti printk ńkọ́? Serial console 115200 ni, àbí? Ìyẹn ò lè tẹ̀ ju lẹ́tà 11,520 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ìlà kan tó ní lẹ́tà 60 á gbà tó mílísẹ́kọ́ǹdì 5. Pákẹ́ẹ̀tì 1,500 báìtì lórí 1 gígábíìtì ò ju máíkírósẹ́kọ́ǹdì 12 àti díẹ̀, odindi ring 256 ò ju mílísẹ́kọ́ǹdì 3 àti díẹ̀ lọ. Kí printk kan tó tẹ̀ tán, hardware ti gbá gbogbo ring mọ́! Ibo ló ti fẹ́ kún kí agbèrò tó fọwọ́ kan okùn? trace_printk ni kó o lò, inú mẹ́mọ́rì ló ń kọ sí.

Bọ́ọ̀dù tó gan: kernel ti di lock queue mú kó tó pe xmit ẹ, CPU méjì ò lè jọ wọ queue kan náà. Ìwọ tún wá fi spin_lock lásán síbẹ̀, interrupt já wọlé lórí CPU yẹn kan náà, ó ń dúró de lock tó wà lọ́wọ́ ẹni tó dá dúró. Ta ló fẹ́ tú u sílẹ̀? Lockdep, tó ń ṣọ́ bá a ṣe ń lo lock, ì bá ti ké sí ẹ tipẹ́.

BàbáÌbejì_Mókọ́lá

Àǹtí ti ṣe é tán, àmọ́ nǹkan míì ń rùn sí mi. Àbúrò, tx_bytes àti netdev_tx_sent_queue tó ń ka báìtì tó o rán, ibo lo pè wọ́n sí, ṣáájú doorbell ni àbí lẹ́yìn ẹ̀?

Ọmọ_Agbowó

Lẹ́yìn ni sà. Mo tiẹ̀ rí kernel BUG kan lẹ́ẹ̀kan, lib/dynamic_queue_limits.c ló dárúkọ, mo ní bóyá oòrùn ló mú bọ́ọ̀dù.

BàbáÌbejì_Mókọ́lá

Oòrùn kẹ̀! 😂 Tó o bá ti kan doorbell, skb yẹn (àpò tó gbé pákẹ́ẹ̀tì) kì í ṣe tìẹ mọ́. Hardware lè ti rán an, kí poll ti sọ ọ́ dànù, kí ìwọ tún wá máa ka skb->len lára òkú. KASAN, tó ń ṣọ́ ìlò mẹ́mọ́rì, á mú ẹ. Èyí tó bú yẹn, poll lọ jábọ̀ pé báìtì báyìí ti lọ nígbà tí ìwọ ò tíì sọ pé o rán nǹkan kan, ìṣirò wọn ò bára mu, kernel bínú. Kó méjèèjì wá ṣáájú doorbell. Wò ó pé dma_wmb (ìdènà bíi smp_mb, ti hardware) wà kó o tó fi OWN bit (àmì pé hardware ló ni ín) lé descriptor lọ́wọ́.

Má sì dúró ogójì ìṣẹ́jú mọ́. Fi ethtool -K eth0 sg off kí pákẹ́ẹ̀tì kan máa gba descriptor kan péré, kó o wá dín ring kù sí 8, kó o sì dín 20 tó o fi ń dá queue dúró kù sí 2.

Ọmọ_Agbowó

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ring 8, ó kú láàárín sẹ́kọ́ǹdì méje! Mo rí i nínú trace báyìí: CPU 0 ka àyè, ó rí 1. Máíkírósẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, CPU 1 kó méje kúrò, ó wo stopped, ó rí 0, ó lọ. Máíkírósẹ́kọ́ǹdì kan sí i, CPU 0 dá queue dúró. Agbèrò àti okùn ẹ̀ gan-an.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí, mo tan án láago mẹ́sàn-án alẹ́ àná. Iná lọ láago mẹ́ta, inverter gbé e, aago méje àárọ̀ ó ṣì ń sáré. Ìbéèrè kan ló kù, ṣé kí n máa jí queue tí àyè bá ti lé ní 20?

Àǹtí_Kernel

Rárá, á máa jí á máa sùn lórí pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kó tó ìlọ́po méjì ibi tó o ti ń dá a dúró. Dá ring padà sí 256, dá ibi ìdúró padà sí 20, tan sg padà, kó o wá kọ ndo_tx_timeout (èyí tí watchdog ń pè) tó máa tún ring ṣe, torí ó jọ pé èyí tó wà níbẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ_Agbowó

Òfìfo ni mà 🙈 mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́.