Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kí a fi ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa sí?

Ìyá Àdùkẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde:
Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rin. Àrùn yírùnyírùn ni ó ba etí rẹ̀ jẹ́ kí ó tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ohùn gbọ́dọ̀ ga tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) kí ó tó ta sí i létí. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí a ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún un, kí ó sì máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò. Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ adití, nítorí wọ́n ní bí ọmọ bá ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní là mọ́. Èwo ni kí a ṣe?

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́:
Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni mo ń bá pàdé jù ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ àwọn adití. Èdè ọwọ́ kì í dí ọmọ lẹ́nu. Ohun tí ó ń pa á lára ni kí ó dàgbà láìní èdè kankan, torí pé ọmọ tí ó bá wọ kíláàsì láìní èdè, àdàkọ lásán ni yóò máa ṣe, kò sì ní mọ ohun tí ó ń kọ. Ní ìwọ̀n tí ẹ dárúkọ yẹn, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn yóò mú ohùn ga, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò mú ọ̀rọ̀ yé e, pàápàá níbi tí ọmọ pọ̀ sí tí ariwo sì ń lọ. Ẹ rà á bí agbára bá ká a. Ilé-ẹ̀kọ́ adití ni mo fọwọ́ sí fún ìbẹ̀rẹ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ tí ó kó wá sì ni ìpìlẹ̀ èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń lò títí di òní. Bí ẹ bá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ kan, ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ béèrè iye olùkọ́ tí ó mọ èdè ọwọ́ ní tòótọ́, àti bóyá adití wà láàrin wọn.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ṣágámù:
Mo bọ̀wọ̀ fún Tíṣà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Tèmi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ni ó wà, ó sì ń ṣe dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ó bá jókòó níwájú tí olùkọ́ kò sì kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2019 sọ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ẹnì kan tí a kọ́ láti bójú tó irú àwọn ọmọ yìí. Mo ti béèrè ẹni náà títí; inú ìwé nìkan ni ó wà.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé àwa òbí náà gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ọwọ́ náà?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Dandan ni, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ìyá àgbà bí wọ́n bá gbà. Bí ọmọ bá darí wálé ní ìsinmi tí kò sí ẹni tí ó lè bá a sọ̀rọ̀, àlejò ni yóò jẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun ilé: omi, ìkọ́kọrẹ́, oorun, ibi tí ó ń dùn ún. Ẹ wádìí nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní ìjọ adití; ẹ lè rí àgbàlagbà adití kan níbẹ̀ tí yóò máa wá kọ́ yín ní ọjọ́ Sátidé.