Mo mọ̀ pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an, síbẹ̀ mi ò rí oorun sùn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníbéèrè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ mi ò dá sí i rí. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n ó ti ń kọjá agbára mi.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí omi wọ imú mi níbi tí mo ti ń wẹ̀. Mo sín, mo fun imú, mo gbàgbé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí ìròyìn kan lórí fóònù nípa kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Naegleria fowleri, tó máa ń gba imú wọ inú ọpọlọ. Jìnnìjìnnì dà bò mí, kò sì tíì kúrò lára mi títí di òní.

Kì í ṣe pé mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n jù. Mo mọ̀ pé láti ọdún 1962 títí di 2023, ènìyàn 164 péré ni wọ́n mọ̀ pé ó mú ní gbogbo Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé mẹ́rin péré ló yè nínú wọn, mẹ́rin yẹn ló sì ń dún lórí mi tọ̀sán-tòru. Mo mọ̀ pé láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ 12 ni àmì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 12 ti kọjá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlá, ara tù mí fún bíi wákàtí méjì, ni ọkàn mi bá sọ pé: bóyá orí tìẹ ni yóò ti kọ́kọ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo máa ń fi àgbọ̀n kan àyà kí n lè mọ̀ bóyá ọrùn mi ti le. Mo kà á lánàá, ìgbà 43 ni. Ọrùn náà ti wá ń dùn mí báyìí, ìrora yẹn sì tún di ẹ̀rù mìíràn. Tẹmọ́mítà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí aago méjì òru bá lù, màá jí ìyàwó mi pé kó tan iná fóònù sí mi lójú, kó bá mi wò ó bóyá ẹyinjú mi méjèèjì dọ́gba. Lálẹ́ àná, ó wò ó, ó ní wọ́n dọ́gba, ó pa iná, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí dókítà. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má kàn sọ pé kí n má rò ó mọ́, mo ti gbìyànjú ìyẹn tì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín rárá. Ẹ̀rín tí wọ́n fi yín rín yẹn kò dáa, ó dùn mí bí mo ṣe kà á.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti mọ gbogbo iye, n kò ní tún un kà fún yín. N óò sọ bí kòkòrò náà ṣe ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ kà á. Inú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí kò ní iyọ̀, ló ń gbé: adágún, odò, àti omi tí wọn kò tọ́jú dáadáa. Ẹni tó bá mu omi náà kò lè tibẹ̀ kó o. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Omi ní láti ru wọ òkè imú lọ́hùn-ún kí kòkòrò tó tọ iṣan tí a fi ń gbóòórùn dé ọpọlọ. Àìmọye ènìyàn ló ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, tí omi ń wọ imú wọn, tí nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Bó bá sì mú ènìyàn, kì í fà díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan péré ni yóò ti dá ènìyàn dùbúlẹ̀ pátápátá.

Ohun tó yẹ kó sáré gbé ẹnikẹ́ni dé ilé ìwòsàn ni orí fífọ́ líle tó dé lójijì pẹ̀lú ibà, èébì, ọrùn tó le débi pé kò ṣe é tẹ̀, tàbí kí iyè ènìyàn dàrú. Àìsàn tó wọ́pọ̀ ju èyí tí ẹ ń bẹ̀rù lọ fíìfíì ló sábà máa ń fa ìyẹn, kò sì yẹ ká fi falẹ̀. Orí tó ń fọ́ ẹni tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ yàtọ̀ sí i.

Bí ẹ bá ń fi omi fọ ihò imú, ẹ lo omi tí ẹ ti sè tó hó fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Ìṣọ́ra tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. N kò lè búra fún yín pé nǹkan kan kò lè ṣe yín láyé, kò sẹ́ni tó lè búra bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé ìbúra yẹn gan-an ni ẹ ń wá kiri.

Ará Ọ̀nà:
Arákùnrin mi, ojú mi ti rí ohun tí ojú yín ń rí yìí.

Tèmi, dìgbòlugi ni. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ológbò kan fi ara nù mí lẹ́sẹ̀. Kò bù mí jẹ, kò họ mí. Mo délé, mo yẹ ẹsẹ̀ wò, mo rí ibì kan tó pọ́n díẹ̀, bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kà pé oṣù méjì sí mẹ́ta ni àrùn náà sábà máa ń lò lára kó tó yọjú, pé ó sì lè tó ọdún kan. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Mo ń fi bírò pupa fa ìlà sórí kàlẹ́ńdà. Mo ní bí ọdún bá ti pé, mo bọ́ nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ tí ọdún pé gan-an ni mo tún wá a lórí Google, mo sì ka ti ẹnì kan tí tiẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ni mo jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kò sí ọjọ́ tí mo lè kà dé tí ọkàn mi máa gbà.

Olùtọ́jú kan tó mọ ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT, ìyẹn ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu tó ń ranni lọ́wọ́ láti yí èrò àti ìṣe ẹni padà, ló ràn mí lọ́wọ́. Kò bá mi jiyàn nípa ológbò rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá dé ló bi mí, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: yíyẹ ẹsẹ̀ wò, wíwá ìròyìn, pípe ìyá mi kí wọ́n lè sọ pé ara mi yá, dídá itọ́ mì kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀fun mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí mo bá ti yẹ nǹkan wò, ara á tù mí díẹ̀, ọpọlọ mi á sì gbà pé yíyẹ̀wò yẹn ló yọ mí, á wá tún béèrè fún un. Bí ara tó ń yúnni ni: bí èèyàn ṣe ń họ ọ́ ló ń yún un sí i.

Iṣẹ́ tó fún mi ni pé kí n máa sún un síwájú. Bó bá ti ń ṣe mí bíi kí n wo ẹsẹ̀, kí n kọ àkókò sílẹ̀, kí n dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di 30. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ burú, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àmọ́ mo rí ohun tí mi ò rí rí: ẹ̀rù náà ga, ó ga, ó dúró, ó sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo wo nǹkan kan.

Ó tún yan ìṣẹ́jú 15 fún mi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí mo lè fi bẹ̀rù bó bá ṣe wù mí. Èrò tó bá dé láàárọ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀ de aago márùn-ún. Bí àkókò náà bá fi máa tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè ṣe mí ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọrùn yẹn. Ọrùn tí wọ́n bá tẹ̀ ní ìgbà 43 lóòjọ́, kò sí bí kò ṣe ní dunni.

Alábòójútó:
Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti ológbò yìí kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbọ́. Bí ajá, ológbò tàbí àdán bá bu èèyàn jẹ tàbí tó họ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpayà mọ́ o. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ gan-an bí a bá tètè gbà á. Bí àmì bá ti yọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Adúróṣinṣin:
Ṣé wọ́n ti yẹ̀ yín wò fún àwọn kòkòrò yòókù tó ń wọ ọpọlọ? Mo gbọ́ pé ọ̀kan wà tó máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé.

Alábòójútó:
Mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi béèrè, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká má ki àìsàn tuntun bọ ẹni tó ń bẹ̀rù lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan báyìí lè gba oorun ọ̀sẹ̀ kan lójú ẹni tó ń kà á.

Ìyá Ìbejì:
Ìyàwó yín lọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, torí mo ti wà nípò rẹ̀.

Ní tiwa, bàbá wọn ló ń bẹ̀rù. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń fi hàn bí mo bá ń dá wọn lóhùn. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe yín." Màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ohùn mi á fi ha. Ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi lóru, inú á ti máa bí mi kí n tó lajú. Mi ò mọ̀ pé ìdáhùn mi gan-an ló ń bọ́ ẹ̀rù náà.

A jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ara wọn balẹ̀, a fẹnu kò lórí gbólóhùn kan, àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé: "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. A ti jọ gbà pé n kò ní dáhùn ìyẹn. Ẹ wá jókòó tì mí." Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, wọ́n bínú jáde lọ sí pálọ̀. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn síwá sẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ wọn mú, a ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀sán ni kí ẹ ti bá ìyàwó yín sọ ọ́ o, ẹ má dúró di aago méjì òru. Ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ tún padà lọ rí dókítà, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ yàtọ̀. Dípò "ẹ bá mi yẹ ọpọlọ mi wò," ẹ sọ pé: "Ẹ̀rù àìsàn ti gba oorun lójú mi fún ọjọ́ 19, mo sì fẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀rù náà." Ẹ wá ẹni kan ṣoṣo tí ẹ ó máa rí, kó má jẹ́ ti ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oògùn náà wà fún un bí CBT nìkan kò bá tó. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú nǹkan rọlẹ̀, ẹni tó bá sì ń lò ó, orí rẹ̀ kò dàrú.

Oníbéèrè:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti kọ ìbéèrè yìí.

Mo bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti ń rò pé òun ni òun kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ìgbà 11 ni mo tẹ ọrùn lánàá. Ó ti dín sí ìgbà mẹ́fà rí, ó tún wá gbéra. Mo ti rí dókítà mìíràn, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún CBT, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Ìrora ọrùn náà ti ń lọ.

Tẹmọ́mítà wà lọ́wọ́ ìyàwó mi báyìí. Mo béèrè rẹ̀ lóru àná. Ó sọ gbólóhùn yẹn fún mi, ó gbá aṣọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí n ráyè jókòó.

Ará Ọ̀nà:
Ẹ kọ àkókò tí ẹ béèrè rẹ̀ sílẹ̀, àti àkókò tí ẹ̀rù náà rọlẹ̀. Ẹ mú ìwé náà dání lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.