"Kámẹ́rà ọlọ́gbọ́n" kọ́: orúkọ fún ohun èlò ìdánwò dígí awò-awọ̀nàjíjìn

Láti Ìlọrin:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹni wa l'Ọ́fà dábàá orúkọ mẹ́ta fún àwa tí à ń fọwọ́ ara wa lọ dígí awò-awọ̀nàjíjìn: "ìdánwò ojú ọ̀bẹ", "ojú kámẹ́rà" fún lẹ́ǹsì, àti "kámẹ́rà ọlọ́gbọ́n" fún èyí tó ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀.

Nínú ìdánwò yìí, à ń tan àtùpà sí dígí, à ń fi etí irin mímú gé ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn irin á sì fi òjìji han ibi tí lílọ dígí kò tíì gún. Orúkọ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa. Ojú là ń pe ibi tó mú lára irin. Ta ni kò gbọ́ idà olójú méjì rí? Ṣùgbọ́n ohun tí à ń gbé síwájú ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ. Abẹ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba ni. Foucault, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1858, kò ní bínú tí a bá pè é ní "ìdánwò ojú abẹ".

"Ojú kámẹ́rà" ni n kò gbà. "Sún ojú kámẹ́rà mọ́ ojú abẹ kí ojú dígí lè hàn": ojú mẹ́ta nínú gbólóhùn kan! Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́ǹsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Sísún mọ́ yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ká mú dígí tó fẹ̀ ní 150 mìlímítà, tí ìfojúsùn rẹ̀, ìyẹn bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ti ń pàdé ṣe jìnnà sí i, jẹ́ 1200: abẹ á wà ní ìlọ́po méjì rẹ̀, 2400. Ìmọ́lẹ̀ tó kọjá abẹ tún ń fẹ̀ sí i. Ní 10 mìlímítà sẹ́yìn abẹ, kò ju bí 0.6 lọ, ní 80, ó ti di 5. Lẹ́ǹsì fóònù tó bá jìnnà tó yẹn kò ní gbà á tán, ẹ̀gbẹ́ dígí á ṣókùnkùn, èèyàn á rò pé òun ti lọ etí rẹ̀ jù.

Lẹ́ǹsì tí ìfojúsùn rẹ̀ jẹ́ 12 mìlímítà á sọ àwòrán dígí náà di 0.75 mìlímítà lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Tí píksẹ́lì kan, ẹyọ tó tò di àwòrán, bá jẹ́ 3.75 máíkírọ́nù (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan), píksẹ́lì 200 péré nìyẹn. Lẹ́ǹsì 50 á fún wa ní ohun tó lé ní 800, yóò sì ṣì gba inú sẹ́ńsọ̀ tó ga ní 3.6 mìlímítà.

Ọ̀rọ̀ "ọlọ́gbọ́n" wá ńkọ́? Dígí tí a kò tíì fi irin dídán kùn lójú ń dá bí ìdá mẹ́rin péré padà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀. Bí abẹ ṣe ń wọlé, àwòrán gbọ́dọ̀ máa ṣú. Ibi tí òjìji ti ṣú àti bó ṣe ṣú là ń kà. Kámẹ́rà yìí á rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un, òjìji á parẹ́. Ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀? "Kámẹ́rà aláfọwọ́yí" ló yẹ kó lórúkọ: gain rẹ̀ (bó ṣe ń bu agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà), àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ àti lẹ́ǹsì rẹ̀, ọwọ́ ẹni ló ń yí gbogbo wọn. Èyí tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á.

Èsì láti Ọ̀fà:

Mo gba abẹ, mo sì dá ọlọ́gbọ́n padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lo "ìfojúsùn", èyí tí oníròyìn ń lò fún ohun téèyàn ń lé. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń pàdé ní 1200; ti àtùpà tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ ń padà pàdé ní 2400. Mo dábàá "ìpàdé ìràwọ̀" àti "ìpàdé àtùpà". Ẹni tó bá gbé àtùpà sí ìpàdé ìràwọ̀, ìmọ́lẹ̀ á jáde lọ gbọọrọ, kò ní padà wá bá abẹ.